Ẹ̀rọ Agbàpè Ilé-Iṣẹ́ àti Èdè Yorùbá: Àgbéyẹ̀wò Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Ohun Tí Èdè Ń Bèèrè Lọ́wọ́ Rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí ẹ̀rọ tí ń gba ìpè ní ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, láti orí ìkíni àkọ́kọ́ títí dé orí àpótí tí ń gba ohùn ẹni tí kò rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà tẹnu mọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ètò ẹ̀rọ yìí, àti pé títúmọ̀ àwọn gbólóhùn inú rẹ̀ sí Yorùbá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò tó. Ọ̀wọ̀, orúkọ nọ́ńbà, òǹkà àti ohùn ọ̀rọ̀ ni ibi tí ètò náà ti máa ń kọsẹ̀, òǹkà sì ni ó le jù nínú wọn.

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá pe ilé-ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tàbí ilé-iṣẹ́ fóònù rẹ̀ lónìí, kì í sábà jẹ́ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ni yóò kí i, tí yóò ka oríṣiríṣi iṣẹ́ tí ó lè ṣe fún un, tí yóò sì ní kí ó tẹ nọ́ńbà èyí tí ó bá fẹ́. Bí kò bá sí òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, yóò ní kí ó dúró. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ti ilẹ̀kùn, yóò ní kí ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan náà ni ó ti ń jáde: iṣẹ́ agbàlejò, iṣẹ́ ẹni tí ń to èrò sórí ìlà, àti iṣẹ́ ìránṣẹ́ tí ń gba ọ̀rọ̀ de onílé.

Ní Nàìjíríà, fóònù alágbèéká ti GSM, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ni ó sọ irú ẹ̀rọ báyìí di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Kò pẹ́ tí èrò fi pọ̀ ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi ẹnu dáhùn lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù gbé ẹ̀rọ síwájú, wọ́n sì fi Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì kún Gẹ̀ẹ́sì nínú èdè tí oníbàárà lè yàn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán. Fún oníṣòwò tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí owó rẹ̀ há sí báńkì ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìpè fóònù ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ó kù fún un. Bí Yorùbá inú ẹ̀rọ náà kò bá yé e, kò sí ẹni tí yóò bi léèrè.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ nọ́ńbà tí a tẹ̀

Kì í ṣe nọ́ńbà gan-an ni ó ń gba orí wáyà kọjá, ohùn ni. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Bell bẹ̀rẹ̀ sí í ta fóònù onítẹ̀ fún oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Lórí fóònù yìí, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń fọn ohùn méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń sọ ìlà ìbú tí bọ́tìnnì náà wà, èkejì ń sọ ìlà òòró rẹ̀. Nọ́ńbà 5, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ àpapọ̀ ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 770 àti èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 1336 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí tí a fi lo méjì ni pé ó ṣòro kí ẹnu ènìyàn ṣèèṣì gbé irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ̀rọ kì í tètè ṣi ọ̀rọ̀ oníbàárà gbọ́ bí ẹni pé nọ́ńbà ni. Àmì ìràwọ̀ àti àmì # kò sí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n dé.

Àǹfààní ńlá ni ètò yìí títí di òní. Fóònù tí kò ju kékeré tí a fi ń pe ìpè lọ lè bá ẹ̀rọ agbàpè sọ̀rọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì béèrè pé kí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ mọ̀wé kà. Etí àti ìka nìkan ni ó ń lò. Gbogbo ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí a fi sí ẹ̀rọ lẹ́nu.

Ìkíni, ọ̀wọ̀ àti orúkọ nọ́ńbà

Ẹ̀rọ agbàpè ní aago nínú. Ohun tí àwọn olùlo Gẹ̀ẹ́sì sábà ń fi aago yìí ṣe ni kí ẹ̀rọ lè mọ ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti tì àti ọjọ́ ìsinmi, kí ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Yorùbá ní iṣẹ́ mìíràn fún un. Ní èdè yìí, ìkíni kò dúró lójú kan: ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ àti ẹ káalẹ́ ní àkókò tiwọn. Aago tí ó mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn tì lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ná ilé-iṣẹ́ ju ohùn mẹ́rin tí a gbà sílẹ̀ dípò ẹyọ kan lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ le díẹ̀ ju èyí lọ. Gẹ̀ẹ́sì kò pín àṣẹ tí a ń pa fún àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì síwájú tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ ‘Tẹ’, yóò sì gbàgbé pé ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún lè wà lórí ìlà. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó pè é. Fún ìdí èyí ‘ẹ’ ni ó gbọ́dọ̀ lò fún gbogbo ènìyàn. Kò sí ọmọdé tí yóò bínú pé a bọ̀wọ̀ fún òun.

Níbi ètò gbólóhùn, Yorùbá tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ náà lóore. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé iṣẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ, kí nọ́ńbà tẹ̀ lé e, nítorí pé ohun tí etí gbọ́ kẹ́yìn ni ọwọ́ tètè ń rántí. ‘Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ó kù nínú àpò owó yín, ẹ tẹ…’ ni a máa ń sọ nípa ti ara wa, kò sì sí ìdí láti yí i po. Iye iṣẹ́ tí a ń kà kò gbọdọ̀ pọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1956 ni George Miller, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé nǹkan bí méje ni ọkàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ agbàpè kì í sábà fẹ́ kọjá mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí pé a kò lè padà wo ohun tí a gbọ́ bí a ti ń wo ohun tí a kọ.

Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹ̀rọ pe nọ́ńbà 1? ‘Ẹ tẹ ọ̀kan’ lè túmọ̀ sí pé kí olùgbọ́ yan èyí tí ó bá wù ú nínú gbogbo bọ́tìnnì. ‘Ẹ tẹ nọ́ńbà kan’ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nọ́ńbà èyíkéyìí ni. ‘Ẹ tẹ méjì’ lè mú kí ẹlòmíràn tẹ bọ́tìnnì méjì. Ní ti ‘ẹ tẹ ení’, ohùn kan àti fáwẹ̀lì kan péré ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ẹ tẹ́ ẹní’, kò sì sí ẹni tí ó pe báńkì kí a lè ní kí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Òǹkà tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ni ó mọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé orúkọ nọ́ńbà lásán ni, kò ka nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka nọ́ńbà fóònù láàárín ọ̀rọ̀ Yorùbá wọn, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí ẹ̀rọ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a ṣe é fún gbọ́ ọ.

Òǹkà inú gbólóhùn

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹ̀rọ kì í gba gbogbo gbólóhùn sílẹ̀ lódindi. Ó ń gé wọn wẹ́wẹ́, ó sì ń tò wọ́n pọ̀ bí ẹni to bíríkì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá fẹ́ sọ pé ìjíṣẹ́ tuntun mẹ́ta wà, yóò mú ègé tí ó sọ pé ‘ẹ ní’, yóò mú iye náà, yóò sì fi ‘ìjíṣẹ́ tuntun’ parí rẹ̀. Yálà iye náà jẹ́ 3 tàbí 20 tàbí 26, àyè kan náà ni ó ń bọ́ sí. Iye náà fúnra rẹ̀ ń di kíkà láti òsì sí ọ̀tún: ogún lákọ̀ọ́kọ́, ẹẹ́fà tẹ̀ lé e. Nǹkan bí ọgbọ̀n ègé ohùn ti tó láti ka owó dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Bí a bá gbé ètò yìí wọ Yorùbá, yóò wó. Ìjíṣẹ́ tuntun mẹ́ta ni a ń wí, ọ̀rọ̀-orúkọ ṣáájú iye. Ṣùgbọ́n ogún ìjíṣẹ́ tuntun ni, iye ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ó bá di 26, ọ̀rọ̀-orúkọ tún padà síwájú: ìjíṣẹ́ tuntun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ‘kan’ ni, kì í ṣe ọ̀kan tàbí oókan. Bí kò bá sí rárá, a kò ní sọ pé ẹ ní òdo ìjíṣẹ́. Odindi gbólóhùn ni yóò yí padà sí ‘ẹ kò ní ìjíṣẹ́ tuntun’. Ààyè tí iye ń bọ́ sí kò dúró lójú kan, ètò tí ó ní ihò ẹyọ kan fún iye kò sì lè gba gbogbo wọn.

Ìyọkúrò ni ìṣòro kejì. Nínú 26, nọ́ńbà 2 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ rí, ó sì ń rò pé ọ̀rọ̀ ogún ni yóò sọ. Yorùbá kò mú ogún lò níbẹ̀: ọgbọ̀n ni a ti yọ mẹ́rin kúrò. Láti 21 dé 24, ogún ni ìpìlẹ̀. Láti 25 dé 29, ọgbọ̀n ni. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn kí ó tó mọ ohun tí yóò fi iwájú ṣe. Ìpajẹ tún wà ńbẹ̀. ‘Mẹ́rin dín ní ọgbọ̀n’ tí a bá tò pọ̀ ní ègé mẹ́rin kò dún bí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a bá pè é lẹ́ẹ̀kan: fáwẹ̀lì ti sọnù, kọ́ńsónáǹtì ti yí padà, ohùn ti ṣí. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ègé ni wọ́n rán pọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ owó, èyí lè pa ènìyàn lára. Bí ₦750 bá ṣẹ́kù, ẹgbẹ̀rin náírà ó dín àádọ́ta ni a lè kà á sí. Bí ìlà bá já lójijì lẹ́yìn ‘ẹgbẹ̀rin náírà’, ohun tí olùgbọ́ mú lọ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Bí a bá sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ó lé àádọ́ta, ìlà tí ó já kò ní sọ ju ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ. Àwọn àgbà lè wí pé èyí kò dún tó ti àtijọ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ tí ń ka owó olówó, ó dára jù.

Ọ̀nà tí ó dájú ni kí a gba iye láti 1 dé 99 sílẹ̀ lódindi, ní orí méjì: bí a ti ń kà wọ́n lásán àti bí a ti ń fi wọ́n ka nǹkan. Lẹ́yìn náà, kí a ya gbólóhùn fún ogún, ọgbọ̀n, ogójì àti ẹgbẹ́ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyókù. Ohùn tí a óò gbà sílẹ̀ kò tó igba àti díẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lórí ìlà

Ohun ìyanu kan wà nínú bí fóònù ṣe ń gbé Yorùbá. Láti ìgbà pípẹ́ ni ìlà fóònù ti ń gba ohùn tí ń gbọ̀n láàárín nǹkan bí 300 àti 3400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nìkan kọjá. Ohùn ọkùnrin nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ sábà ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150, ti obìnrin ní nǹkan bí 200. Èyí já sí pé ìpìlẹ̀ ohùn gan-an, tí ó ń sọ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kò kọjá lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ a ń gbọ́ igbá, igba àti ìgbà yàtọ̀ síra. Ìdí ni pé ohùn kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí wọ́n ga jù ú lọ, àlàfo àárín wọn sì bá ìpìlẹ̀ náà dọ́gba. Etí ń fi àlàfo yìí mọ ohun tí kò gbọ́. Ìlù dùndún gbé ohùn dání ó sì fi kọ́ńsónáǹtì sílẹ̀; fóònù gbé kọ́ńsónáǹtì ó sì fi ìpìlẹ̀ ohùn sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ọmọ Yorùbá ń gbọ́.

Ohun tí etí kò lè tún ṣe ni ègé tí a tò láìbìkítà fún ohùn, tàbí ẹ̀rọ tí ń ka ohun tí a kọ láìní àmì lórí. Bí a bá kọ ‘oko’ láìsí àmì, kò sí bí ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ bóyá oko, okó tàbí òkò ni a ní lọ́kàn, ilé-iṣẹ́ kan kò sì ní fẹ́ kí ó ṣi èyí pè fún oníbàárà.

Ìdúró lórí ìlà

Ẹ̀rọ tí ń to èrò sórí ìlà jẹ́ gbèsè A. K. Erlang, ará Dẹ́ńmákì tí ó ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ fóònù ti Copenhagen, tí ó tẹ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1909 àti èkejì ní 1917. Ìṣirò rẹ̀ ń sọ ohun tí ojú kò rí. Bí a bá gbà pé ọgọ́rùn-ún ìpè ń wọlé ní wákàtí kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, iṣẹ́ wákàtí márùn-ún ni ó wà nínú wákàtí kan. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lè rò pé òṣìṣẹ́ márùn-ún tó. Kò tó: ìpè kì í wọlé ní déédéé, ìlà yóò sì máa gùn sí i láìdáwọ́ dúró. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ mẹ́fà, ìdúró yóò jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 106 ní ìpíndọ́gba. Bí wọ́n bá di méje, yóò já wálẹ̀ sí 29. Bí wọ́n bá di mẹ́jọ, 10. Òṣìṣẹ́ ẹyọ kan ni ó wà láàárín sùúrù àti ìbínú. Orin tí ẹ̀rọ ń kọ kò lè rọ́pò rẹ̀, pàápàá níbi tí ìpè náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, tí owó oníbàárà ń lọ bí orin ti ń lọ.

Ilé-iṣẹ́ a máa sọ fún ẹni tí ó ń dúró pé ìpè rẹ̀ ṣe pàtàkì sí wọn. Lójú Yorùbá, ìyẹn kò wọlé. Ẹni tí ó ń dúró ni a ń kí, ‘ẹ kú ìdúró’ ni a sì ń kí i. Kí a fi iye ènìyàn tí ó wà níwájú rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ti tó.

Àpótí ohùn

Láti 1898 tí Valdemar Poulsen, ará Dẹ́ńmákì pẹ̀lú, ti fi wáyà irin gba ohùn sílẹ̀ ni èrò àti fi ohùn pamọ́ fún ẹni tí kò sí nílé ti wà. Gordon Matthews, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di ọjà ilé-iṣẹ́: ó dá ilé-iṣẹ́ VMX sílẹ̀ ní Texas, ìjọba sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ètò rẹ̀ ní 1983. Lórí GSM, ìpè ń yà sínú àpótí nígbà tí fóònù bá kú, tí ìlà bá dí, tàbí tí onífóònù kò bá gbé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá tí ó yàn, láti 5 dé 30.

Ní Nàìjíríà, ohun tí àwọn onífóònù ń pè ní fọ́ísìméèlì kò rẹ́sẹ̀ wálẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé àṣà ni ó fà á, pé Yorùbá kì í bá ẹni tí kò lè jẹ́ ‘hẹ̀n’ sọ̀rọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni olórí ìdí. Ní 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ìdíwọ̀n owó ní ìṣẹ́jú-àáyá títí Globacom fi dé ní 2003. Bí àpótí bá ti dáhùn, ìpè ti wọlé nìyẹn, owó ti lọ, ọ̀rọ̀ kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn yan fíláàṣì dípò rẹ̀, tí kò náni ní kọ́bọ̀. Nígbà tí WhatsApp gbé ìfohùnránṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní 2013, àwọn ìyá àti bàbá tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan sínú àpótí ohùn rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi odindi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọmọ wọn. Bí àṣà bá ni ó dí wọn lọ́wọ́, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ní 2023, àjọ NCC sọ nọ́ńbà kan náà di dandan fún gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù: 300 fún ìrànlọ́wọ́ oníbàárà, 301 láti fi ohùn sílẹ̀, 302 láti gbọ́ ọ.

Nínú ilé-iṣẹ́, àpótí ohùn wúlò ju ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè pín in gbọ́, ó sì lè kọjá sínú ímeèlì. Ó ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ìlú Ọba, àwọn oníròyìn ìwé ìròyìn News of the World gbọ́ ohùn tí ó wà nínú àpótí àwọn ẹlòmíràn. Lára ọ̀nà tí ó rọrùn fún irú olè bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà àṣírí tí ilé-iṣẹ́ fóònù ti fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, tí onífóònù kò yí padà. Wọ́n ti ìwé ìròyìn náà pa ní oṣù keje ọdún 2011. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kan ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń pa irú ọ̀rọ̀ oníbàárà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun ń sọ ohùn inú àpótí di ọ̀rọ̀ kíkọ, kí òṣìṣẹ́ lè kà á dípò kí ó gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, ‘oko mi ti de’ lè jẹ́ ti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ dé láti ìrìn-àjò, ó sì lè jẹ́ ti oníṣòwò tí ọkọ̀ tí ó kó ẹrù rẹ̀ ti wọ ìlú, tí ó ń retí ẹni tí yóò wá já ẹrù. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń gba ìjíṣẹ́ ní Yorùbá ní láti pa ohùn náà mọ́ pẹ̀lú ohun tí a kọ, kí ẹni tí ó jókòó ti iṣẹ́ lè tẹ̀ ẹ́, kí ó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.